Bí ara ṣe ń yí nínú freestyle: ẹ máa yíìká, ẹ má dọ̀bálẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì tá a máa ń lò níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, àǹtí kan tó jẹ́ tíṣà pírámárì dúró sétí omi, ó di èjìká ọ̀tún ẹ̀ mú, ó ní, "Bọ̀dá, tó bá fi máa di Mọ́ńdè mi ò ní lè gbé ọwọ́ yìí sókè kọ nǹkan sójú bọ́ọ̀dù." Oṣù mẹ́ta ló ti ń wẹ̀ nígbà yẹn o, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fi freestyle, ìyẹn ìwẹ̀ tá a máa ń dojú bolẹ̀ ká máa ju apá kan tẹ̀ lé èkejì, wẹ̀ lọ kó wẹ̀ bọ̀ kí n wò ó. Látìgbà tó ti fẹsẹ̀ ti ògiri títí tó fi dé òdìkejì, àyà ẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀ púùlù ni, kò kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sùn gbalaja sórí omi bíi pátákó, apá nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, tó bá sì fẹ́ mí, orí lódindi ló máa gbé kúrò nínú omi, ẹsẹ̀ ẹ̀ á sì rì sílẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, torí púpọ̀ nínú àwa tá a ti dàgbà ká tó mọ odò wẹ̀ la ní wàhálà yìí, ó sì ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó fi í sílẹ̀ pátá tó ní èjìká òun ò gbà á. Èjìká yín gbà á. Ara ni ò yí.

Kẹ́ ẹ tó dé inú omi rárá, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú pálọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí àyà yín lẹ ilẹ̀. Ẹ wá gbé ọwọ́ ọ̀tún láti ẹ̀gbẹ́ itan, kẹ́ ẹ gbé e gba òkè ẹ̀yìn lọ síwájú orí, bíi tẹni tó ń wẹ̀. Ó máa dé ibì kan tó máa há, àfi kẹ́ ẹ fi tipátipá tì í kọjá. Ó dáa, ẹ wá gbara lé ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀, kí èjìká ọ̀tún yọ sókè kí ìbàdí ọ̀tún náà gbéra nílẹ̀, ẹ tún ọwọ́ yẹn gbé. Ó lọ wẹ́rẹ́, àbí? Ẹni tó bá ń fi àyà lélẹ̀ wẹ̀, ibi tó há yẹn ló ń ti èjìká gbà nígbà gbogbo tí ọwọ́ ẹ̀ bá jáde nínú omi, tó bá sì wẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ fojú inú wo iye ìgbà tí ìyẹn máa jẹ́, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu tí èjìká bá ń ta.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń yíìká fún ọba. Ẹni tó ń yíìká kì í yí ọrùn nìkan, kì í yí èjìká nìkan kó fi ìdí sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lódindi ló máa lélẹ̀, èjìká, ìhà, ìbàdí, itan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí freestyle ṣe rí nìyẹn gan-an. Kì í ṣe pé ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí omi kẹ́ ẹ máa ju apá, ẹ ń yíìká lọ síwájú ni, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú omi ẹ ò ní yí tán. Tá a bá pe àyà tó lẹlẹ̀ ní dígíríì 0, ká pe ẹni tó fẹ̀gbẹ́ sùn pátápátá ní 90, èjìká yín máa ń dé nǹkan bíi 45, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ mí, ìbàdí ò sì ní yí tó èjìká. Àwọn tó ń sáré 50 mítà kì í yí tó àwọn tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, torí wọn ò ráyè, ọwọ́ wọn yá jù. Àwa tá a fẹ́ wẹ̀ pẹ́ láìṣàárẹ̀, ti ọ̀nà jíjìn ni ká máa wò.

Èrè ẹ̀ ju ti èjìká lọ. Ṣé ẹ ti ká máńgòrò rí? Níbí, ta ni ò tíì ká a. Tí èyí tó pọ́n bá wà lókè tọ́wọ́ ò fẹ́ tó o, ẹ kì í dúró ṣanṣan kẹ́ ẹ na ọwọ́ lásán, ẹ máa ta èjìká sókè, ìhà máa nà, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ yẹn á tẹ̀ lé e, ẹ óò sì rí i pé ọwọ́ ti fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan gùn sí i. Ẹ gbé nǹkan yẹn sùn sórí omi, bí ọwọ́ ṣe ń dé iwájú nìyẹn. Ara tó sì fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ máa ń la omi kọjá ju èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá wá ń fa omi sẹ́yìn, iṣan ńlá tó ti abẹ́ abíyá lọ sí ẹ̀yìn á bá apá ṣiṣẹ́, kò ní jẹ́ iṣan kékeré èjìká nìkan. Èémí náà á rọrùn, torí ẹnu yín á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè omi kẹ́ ẹ tó yíjú rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú omi. Ibi tí omi ò kọjá àyà ni kẹ́ ẹ dúró sí, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ sì wà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ máa kọ́ èyí nínú Odò Ọ̀bà tàbí ìsédò (dam) kankan, kódà tẹ́ ẹ bá rí àwọn ọmọdé tó ń fò síbẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, ẹ ò sì mọ ibi tó ti jìn lójijì. Púùlù náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó: tí iná ò bá sí fún ọjọ́ mélòó kan tí pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́, omi á ṣú, tẹ́ ẹ ò bá ti rí táìlì ìsàlẹ̀, ẹ padà sílé.

Ìgbésẹ̀ kìíní, èémí. Ẹ lè máa rò pé ẹ̀kọ́ nípa ara tó ń yí ni mo ń kọ́ yín, kí ló kan èémí? Ó kàn án gan-an. Ẹni tó bá di èémí mú sínú, àyà ẹ̀ á le, ọrùn ẹ̀ á le, ara tó ti le kì í yí. Ẹ di etí púùlù mú, ẹ ti ojú bọ omi, ẹ wá máa kùn nínú, hùn-ùn-ùn-ùn, bíi tẹni tó ń dá ọmọ lóhùn láìla ẹnu. Tẹ́ ẹ bá ti ń kùn, atẹ́gùn ń gba imú jáde nìyẹn, omi ò ní ráyè wọlé. Ẹ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mí sínú lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà sómi, ẹ tún kùn. Ẹ ṣe é ní ogún ìgbà. Ẹ má fojú di í torí pé ó dà bí eré ọmọdé, mo ti rí àwọn géńdé tó jẹ́ pé èyí nìkan ló tú ara wọn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sì ti lo àkókò jù, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kò burú. Ẹ fẹ́ kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa fẹ̀gbẹ́ sùn lórí omi láìbẹ̀rù. Ẹ fẹsẹ̀ ti ògiri, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ẹ fi tòsì lé orí itan òsì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà nísàlẹ̀, èjìká òsì yọ síta omi díẹ̀, ìbàdí òsì náà wà lókè bẹ́ẹ̀. Ojú ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni ojú ń wò, táìlì gan-an, kì í ṣe iwájú, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá máa fẹsẹ̀ gbá omi wẹ́wẹ́ láti ìdí itan, orúnkún ò gbọdọ̀ ká jù, ọmọ ẹsẹ̀ nà sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mí, ẹ yíjú sí apá ibi tí èjìká ti yọ síta, ẹ mí, ẹ padà síbi táìlì. Tẹ́ ẹ bá dé òdìkejì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, tó bá ti fẹ̀gbẹ́ sùn báyìí, ọwọ́ iwájú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ omi mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gun fẹ́ǹsì, bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìdí ń rì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ mo máa rì." Mo kàn fi ìka méjì gbé abẹ́ ọwọ́ ẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí ọwọ́ sinmi sórí ìka mi, kó má tẹ̀ ẹ́, kó gbé etí lé èjìká bíi tẹni tó ń sùn lórí pílò. Bí orí ẹ̀ ṣe balẹ̀ sínú omi báyìí ni ìbàdí gòkè fúnra ẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó mọ̀ pé mo ti yọ ìka mi. Tẹ́ ẹ bá ń rì, ẹ kọ́kọ́ yẹ orí wò, nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ni orí tó gbé sókè ló fà á. Orí sókè, ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, bí ara ṣe máa ń ṣe lórí omi nìyẹn.

Tí ẹsẹ̀ yín ò bá lágbára láti gbé yín dé òdìkejì, ẹ wá bàtà rọ́bà alápá ẹja yẹn, fins, kékeré ẹ̀ ló dáa jù. Ẹni tí ò bá rí i rà, kó má dààmú, kó ti ògiri, kó fẹ̀gbẹ́ sùn dé ìdajì púùlù, kó dìde dúró, kó padà. Èmi náà ò lo fins nígbà tí mò ń kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ máa kà á títí dé mẹ́fà kẹ́ ẹ tó yí. Bẹ́ ẹ ṣe wà ní ìgbésẹ̀ kejì náà lẹ máa wà, ọ̀tún wà níwájú, òsì wà lórí itan. Ẹ fẹsẹ̀ gbá omi lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ kà á nínú. Tó bá pé mẹ́fà, ẹ gbé ọwọ́ òsì jáde nínú omi, ìgunpá ló máa kọ́kọ́ jáde, kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ rọ̀ dẹ̀ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì ń dúró níwájú o, ẹ má tíì fà á. Ìgbà tí ọwọ́ òsì bá dé ẹ̀gbẹ́ etí tó fẹ́ wọ omi, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ pọ̀: òsì wọ omi ó nà lọ síwájú, ọ̀tún di omi mú ó fà á sẹ́yìn, ìbàdí òsì já sílẹ̀, tọ̀tún gòkè. Ẹ ti yíìká sí ẹ̀gbẹ́ kejì nìyẹn. Ẹ sinmi síbẹ̀, ẹ tún ka mẹ́fà.

Níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ yí yẹn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbàdí lẹ máa ronú nípa ẹ̀, ẹ má ronú nípa èjìká rárá. Ẹni tó bá ń ronú nípa èjìká, èjìká nìkan ló máa lọ́, ìdí á dúró síbi tó wà, ẹ̀yìn á wá fún, ẹlòmíì a sì máa ṣe ìdí fìrífìrí bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Ẹ wo ẹni tó ń gúnyán dáadáa. Apá ló di ọmọ odó mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìdí àti ẹ̀yìn ni agbára ti ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí màmá àgbàlagbà fi lè gún iyán gbogbo ilé tán tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi apá nìkan gún un á ti máa mí hẹlẹ.

Ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ òsì bá ń wọ omi, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó gbá omi sílẹ̀. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ dán an wò, bá a ṣe ń rìn lójú ọ̀nà náà ni, ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń lọ pọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó gbá omi sílẹ̀ yẹn ló máa ti ìbàdí ọ̀tún sókè, tí tòsì á fi já. Tí èyí bá ń rú yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀ ná, ẹ padà sí i lẹ́yìn oṣù kan. Ẹlòmíì, ara ẹ̀ á wá a rí fúnra ẹ̀.

Tí mẹ́fà bá ti dùn ún ṣe, ẹ dín in kù sí mẹ́ta. Tí mẹ́ta bá dùn, ẹ má kà mọ́, ẹ máa wẹ̀ lọ.

Ó wá ku orí. Nínú gbogbo ara, orí nìkan ni kì í bá wọn yí. Èjìká ń yí, ìbàdí ń yí, orí dúró, ojú ń wo táìlì, àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mí. Ẹ wo igi súyà lọ́wọ́ mọ̀láà ní Sábó, ó ń yí ẹran síbí ó ń yí i sọ́hùn-ún, igi yẹn ò kúrò lójú kan. Láti àtàrí yín lọ dé ìdí, igi kan ló wà níbẹ̀, ara ń yí lórí ẹ̀, kò gbọdọ̀ máa fì sọ́tùn-ún sósì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mí, ẹ jẹ́ kí orí bá èjìká yí lọ, ojú kan wà nínú omi, ojú kejì wà lókè, ẹnu ń wá atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí orí ṣe ń la omi kọjá, omi máa ń rì díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹnu yín lè ti rí èémí láìgbé orí sókè. Ó gba ìgbàgbọ́ kéèyàn tó gbà pé ó wà níbẹ̀, mo mọ̀, ẹ gba omi mu lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kò ní pa yín.

Ẹ sì máa mí lẹ́yìn ọwọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ́ ẹ lè mí sọ́tùn-ún kẹ́ ẹ mí sósì. Ẹni tó bá ń mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ló máa mọ̀ ọ́n yí, èkejì á wà bí pátákó tó wà tẹ́lẹ̀, àǹtí wa gan-an, tòsì ló máa ń mí sí, èjìká ọ̀tún tó yẹ kó máa yọ síta omi ló ń dùn ún. Àwọn ọ̀gá mìíràn lágbàáyé, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń mí sí lóòótọ́, ẹ wo fídíò Katie Ledecky ará Amẹ́ríkà lórí YouTube, ẹni tó gba góòlù 800 mítà ní Òlíńpíìkì mẹ́rin tẹ̀léra, láti 2012 títí dé 2024. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ la ṣì ń kọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ná. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò nínú fídíò ẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi kámẹ́rà abẹ́ omi yà, ẹ wo ìbàdí ẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ tún un wò.

Ẹnì kan á wá yí jù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá gba ọ̀rọ̀ gbọ́ dáadáa, wọ́n á yí títí wọ́n á fi dojú kọ ògiri, àyà ń wo ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára ẹsẹ̀, torí ara tó bá ti yí kọjá àlà á fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á wá yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi sísọ́ọ̀sì láti gbà á dúró, ìyẹn sì ni bíréèkì. Ọwọ́ tó kọjá iwájú orí lọ sí òdìkejì náà ń fà á. Ọwọ́ ọ̀tún, iwájú èjìká ọ̀tún ni kó wọ omi, tòsì náà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má pàdé níwájú imú. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró sí iwájú yín gan-an kó fi fóònù ká yín, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti tó. Tẹ́ ẹ bá wò ó, tí èjìká kọ̀ọ̀kan ń yọ síta omi nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ń jáde, ẹ wà lọ́nà. Tí ẹ̀yìn yín lódindi bá tẹ́ bíi tábìlì, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Púùlù tiwa ò ju mítà 15 lọ, kì í ṣe 25 tàbí 50 bíi ti àwọn tó ń díje, ó sì ti tó. Ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, bí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ lè pín in báyìí: ẹ kùn nínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀gbẹ́ sùn lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ fi kíkà mẹ́fà lọ-bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ sinmi nígbà tó bá rẹ̀ yín, èyí tó kù kẹ́ ẹ máa wẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń tutù wìnnìwìnnì láàárọ̀, ẹ ju apá yípo díẹ̀ lórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, tàbí kẹ́ ẹ dúró di ọ̀sán. Tí èjìká bá sì ń dùn yín kódà nígbà tẹ́ ẹ ò wẹ̀, tó ń dùn lóru tẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lé e, ẹ dáwọ́ odò wíwẹ̀ dúró, ẹ lọ rí dókítà, èyí tí mo kọ síbí kì í ṣe ìwòsàn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń yá ni kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ yín wọ omi láti ògiri kan dé ìkejì. Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe yára tó, iye ọwọ́ ni. Àǹtí wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kà á lójú mi, ó dúró lódìkejì, ó gbé goggles, jígí odò wíwẹ̀, sórí iwájú, ó ní, "Mẹ́tàlá. Ṣé mo kà á dáadáa báyìí, Bọ̀dá?" Mo ní kó tún wẹ̀ padà kí àwa méjèèjì jọ kà á. Mẹ́tàlá náà ni.

Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ nínú fóònù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dé púùlù, kẹ́ ẹ tó ṣe ìkankan nínú gbogbo èyí, kẹ́ ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà tí okun ṣì wà lára yín, kó má jẹ́ ìgbà tó ti rẹ̀ yín.